Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Dorí Kodò Nílé Silas Orme

Èmi Jabez Tuttle tí ẹ ń wò yìí, mo ti lẹ bébà ògiri mọ́ ojú òṣùpá rí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó jáde síta lálẹ́, kó gbójú sókè dáadáa: àwọn ibi tó ṣú díẹ̀ lójú òṣùpá yẹn, ibẹ̀ ni gọ́ọ̀mù ti tán lọ́wọ́ mi. Àkàbà tí mo gùn lọ ga débi pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n ni. Nígbà tí mo máa fi sọ̀ kalẹ̀, irùngbọ̀n mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Bí mo ṣe wí i gẹ́lẹ́ nìyẹn ní ilé ọtí Ìyá Plumtree, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, tí gbogbo Wexcombe, ìlú wa, sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Plumtree fi aṣọ tó fi ń nu kọ́ọ̀bù nu omi ojú.

"Jabez," ló wí, "ta ló ya bébà tí o lẹ̀ mọ́ òṣùpá ọ̀hún?"

"Ta ni ì bá tún yà á?" ni mo dá a lóhùn. "Silas Orme ni. Èmi àti ẹ̀ la jọ yà á. Òun di pẹ́ńsù mú, èmi ń sọ ibi tó máa fà á sí fún un."

Ẹ̀rín tún sọ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan jókòó ní igun tí kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, dígí ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò ọtí. Ó dìde, ó bọ́ fìlà, ó wá síwájú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gbẹ́ni, ṣé lóòótọ́ lẹ bá Silas Orme ṣiṣẹ́?"

Ó yẹ kí n sọ pé rárá. Àfi bíi pé ẹnu mi kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí.

"Bá a ṣiṣẹ́ kẹ̀?" ni mo wí. "Ọ̀gá, ẹ fẹ́ bú mi ni. Èmi ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Bí ọwọ́ ọ̀tún tí Ọlọ́run fún un gan-an bá ti rẹ̀ ẹ́, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè."

Bí ẹ bá rí ẹni tí kò mọ Silas Orme ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lọ wo ilé onítọ̀hún. Kò ní ògiri ni. Ọmọ ìlú wa ni. Bàbá rẹ̀ ń rán ìbọ̀wọ́ awọ tà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Láti kékeré ni Silas ti ń fi èédú ya ewé sára ohunkóhun tó bá dúró jẹ́ẹ́. Ó yà á sára ìbọ̀wọ́ bàbá rẹ̀, ó yà á sí ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò, wọ́n sì ní ó yà á sórí pípá fíkà, àlùfáà ìjọ wa, lọ́jọ́ kan tí oorun gbé bàbá náà lọ, tó fi jẹ́ pé tòun ti ewé lórí ni bàbá fi wàásù Àjíǹde.

Nígbà tó dàgbà, ó lọ sí London. Láyé ìgbà yẹn, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn, ohun tí ẹ̀rọ sì ń pọ̀ jáde kò ṣeé fojú rí: àga tó dà bí ìyà, kápẹ́ẹ̀tì tó dà bí èébì ológbò. Olówó kan pe Orme wá jẹun nílé rẹ̀. Orme wo kápẹ́ẹ̀tì ilé náà lẹ́ẹ̀kan, òòyì kọ́ ọ. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ jókòó sáàárín àwọn ẹṣin nínú ilé ẹṣin, ó jẹun tirẹ̀ níbẹ̀. Ó ní koríko tí ẹṣin ń jẹ lẹ́wà ju ohun tí olówó náà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ.

Bó ṣe padà wá sílé nìyẹn. Ó gba ilé ọlọ àtijọ́ tó wà létí odò, ó sọ ọ́ di ibi iṣẹ́. Wọ́n á gbẹ́ ewé sára pákó líle, wọ́n á ti pákó bọ àwọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, àwọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, títí ewé náà á fi fẹ́ẹ̀ máa mì lẹ̀ǹgbẹ̀. Aró, fúnra rẹ̀ ló ń pa á. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Ẹni tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní àsìkò ìkórè, ọwọ́ onítọ̀hún kò ní mọ́ títí Kérésìmesì yóó fi dé. Ọmọ tó bá sì gbé lọ́jọ́ ìsàmì, tòun ti àmì ìka márààrún ní ìdí ni ọmọ náà yóó fi dàgbà tí yóó fi gbéyàwó.

Kò jẹ́ ya ohun tí kò bá sí nínú ọgbà rẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo ọ̀kẹ́rẹ́ kan títí ọ̀kẹ́rẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ẹ kú àárọ̀. Ibẹ̀ ló ti ya bébà ògiri tó gba ayé kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́ Inú Àjàrà.

Ohun kan wà tí n kì í fi iyọ̀ sí. Nígbà tí màmá mi wà lórí àìsàn tó padà mú un lọ, òtútù ò jẹ́ kó lè jáde. Orme máa ń pín àjákù bébà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń tẹ ewé fún olówó látàárọ̀ kò gbọdọ̀ délé kó lọ máa wo ògiri lásán. Aládùúgbò wa tó ń bá a ṣiṣẹ́ fún wa ní àjákù kan tí kò fẹ̀ ju ìrọ̀rí lọ, mo lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe láyé nìyẹn, ó sì wọ́. Gbogbo ìgbà òtútù yẹn ni màmá mi fi ń wo ọ̀kẹ́rẹ́ kan àti ààbọ̀. Á máa bi mí pé, "Jabez, ààbọ̀ yòókù dà?" Màá ní ó lọ wá èso wá fún un. Á rẹ́rìn-ín, á kọjú sógiri.

Orme náà ti kú báyìí. Àbí ó kú ni? Ẹ wo ara agolo bisikíìtì: ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Tìmùtìmù tí a fi ń kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì: àjàrà ni. Àjàrà ló wà lára ṣòkòtò tí Sájẹ́ǹtì Mudge, ọlọ́pàá wa, fi ń sùn. Ìyàwó rẹ̀ sá a sórí okùn, gbogbo ìlú ló rí i. Ọmọ Wexcombe kò tíì ní mọ orúkọ ara rẹ̀ í kọ tí yóó ti mọ ìrù ọ̀kẹ́rẹ́ í yà. Kódà àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ inú igbó gan-an ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó bíi ti Orme.

Ní ti èmi àti bàbá náà, bébà ògiri ni mo ń lẹ̀ jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ láyé kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ní, "Ìwọ yìí, kúrò lórí òdòdó yẹn." Mo kúrò. Ọ̀rẹ́ wa parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin onígi-ìṣáná yìí ti fà mí lápá.

"Èmi ni Lancelot Pym," ló wí, "akọ̀wé Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Silas Orme láti London. A ti ra ilé Orme, a ò fẹ́ kí ohunkóhun yí padà níbẹ̀. Ẹnì kan tó bá a ṣiṣẹ́ la ń wá, tí yóó máa gbé ibẹ̀, tí yóó máa tọ́jú ilé, tí yóó sì máa fi han àwọn àlejò. Yàrá méjì ni tirẹ̀, pẹ̀lú èédú ọ̀fẹ́ àti ohun tó bá so nínú ọgbà."

Ẹ̀yin ará mi, ojú mi là kedere. Nítorí pé ìyẹ̀wù ẹ̀yìn ilé ìdáná Dorcas, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ni mo ń sùn, láàárín àpò àlùbọ́sà àti páànù ìfọṣọ. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú ni Dorcas ti gbà mí sílé nítorí àánú, àánú náà sì ti ń tán bí ọṣẹ. Ó ti sọ fún mi lójú ara mi pé bí oṣù yìí bá fi parí tí n ò ní òrùlé tèmi, òun yóó fi mí sínú ọkọ̀ ojú irin, ó di Grimsby létí òkun, lọ́dọ̀ Ezra, àbúrò bàbá mi, ẹni tó ń la ikùn ẹja. Afẹ́fẹ́ Grimsby le débi pé ìṣó ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń kan etí mọ́ orí kó má baà lọ.

"Ọ̀gbẹ́ni Pym," ni mo wí, "ẹ má wá ẹlòmíràn mọ́."

Pym nu dígí ojú rẹ̀. "Mo gbọ́ pé ẹ̀yin alẹ̀bébà ní àṣà kan. Wọ́n ní kí ẹ tó fi bébà bo ògiri, ẹ máa ń kọ orúkọ yín sára ògiri lásán náà."

"Òótọ́ ni," Ìyá Plumtree dá sí i. "Kò sí èyí tí kì í ṣe é nínú wọn. Bí ajá ṣe ń tọ̀ sára òpó ni."

"A jẹ́ pé orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Tuttle wà lábẹ́ bébà yàrá Orme?"

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. "Gàdàgbà!" ni mo wí. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́, Orme ló bá mi di àkàbà mú."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Pym wí. "Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, alága wa ń bọ̀. A ó rọra ṣí bébà náà díẹ̀, ká rí orúkọ yín, ká sì fún yín ní kọ́kọ́rọ́ lójú ẹsẹ̀."

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún Dorcas, ó gbé ọwọ́ síbàdí.

"Ìwọ ni ọwọ́ ọ̀tún Orme? Ìwọ tí ọwọ́ ara rẹ kì í mọ̀nà ibòmíràn ju ẹnu lọ?"

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò mọ àyè tí mo wà láyé ni."

"Mo mọ̀ ọ́n. Àárín àlùbọ́sà mi ni." Ó na ìka sí aago orí tábìlì. "Tíkẹ́ẹ̀tì Grimsby wà lábẹ́ nǹkan yẹn. Bí wọ́n bá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, èmi fúnra mi ni màá ru ẹrù rẹ lọ síbẹ̀, pẹ̀lú orin. Bí wọn ò bá fún ọ, Jabez, kí ìwọ náà máa kí Ezra."

Ọjọ́ Àìkú pé. Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, fíkà ń wàásù, gbogbo ìlú ń sùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èmi nìkan ni mi ò lè sùn. Ọgbọ́n tí mo dá kò ṣòro: màá ṣí bébà náà kí wọ́n tó dé, màá kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, màá tún un lẹ̀ padà. Ní Wexcombe, wákàtí ìsìn Àìkú ni ilé gbogbo máa ń ṣófo; olè nìkan ni kì í mọ̀, nítorí pé olè náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo di ikùn mú, mo kérora. Dorcas ní, "Jáde kí o tó dójú tì mí." Mo jáde.

Mo sáré délé lọ mú búrọ́ọ̀ṣì àti gọ́ọ̀mù mi. Gọ́ọ̀mù ti gan nínú garawa bí òkúta. Mo fi òòlù lù ú, òòlù ló fọ́. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ṣí. Mo wá fúláwà tí màá fi se òmíràn, àpò fúláwà Dorcas ti gbẹ fọ́fọ́. Gbogbo fúláwà ilé náà wà nínú abọ́ ńlá kan lórí tábìlì, aṣọ funfun bò ó.

Púdìn Àìkú ni. Ẹ mọ bí àwọn obìnrin wa ti ń ṣe: láàárọ̀, wọ́n á po fúláwà mọ́ ẹyin àti mílíìkì, wọ́n á bò ó kó sinmi títí ìsìn á fi parí. Bí wọ́n bá ti dé, wọ́n á dà á sínú ọ̀rá màlúù gbígbóná, á wú, á sì di ohun tí a fi ń jẹ ẹran sísun. Ìyàwó tí púdìn rẹ̀ bá kọ̀ tí kò wú, ó sàn fún un kó kó kúrò nílùú. Ti Dorcas kì í wú lásán ní tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ilẹ̀kùn ààrò kúrò ní ìdè, ó sì lé ológbò dé ẹnu géètì.

Mo wo abọ́ náà. Abọ́ náà wò mí. Mo ní, fúláwà ni gọ́ọ̀mù, fúláwà ni púdìn. Ìyá kan náà ló bí wọn. Mo dà á sínú garawa mìíràn.

Ihò èédú ni mo gbà wọ ilé Orme. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ti dá iná ńlá kó tó lọ sí ìsìn, kí òtútù má baà mú alága. Mo dúró láàárín yàrá náà, fún ìṣẹ́jú kan mo gbàgbé ohun tí mo wá ṣe. Láti ilẹ̀ dé àjà, ọ̀kẹ́rẹ́ ni, ewé ni, odidi gbogbo wọn, kò sí ààbọ̀ kankan níbẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé bí wọ́n bá jẹ́ kí n máa gbé ibí yìí, n ò ní purọ́ mọ́, àfi lọ́jọ́ ọdún.

Mo fi omi gbígbóná rin bébà ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná, ó sì ṣí kúrò lódidi, bí awọ ejò. Ògiri abẹ́ rẹ̀ mọ́ lóló. Mo fi èédú kọ ọ́ gàdàgbà: JABEZ TUTTLE, ỌWỌ́ Ọ̀TÚN ORME, Ó LẸ IBÍ YÌÍ DÁADÁA. Mo fi eérú pa á kó lè jọ ti àtijọ́. Mo bu púdìn lé ẹ̀yìn bébà, mo bù ú dáadáa, nítorí pé kò lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù. Bí mo ti ń bù ú ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún. Ìsìn ti parí! Mo gbé bébà náà mọ́ ògiri pàì, mo fọwọ́ nù ún, mo ti búrọ́ọ̀ṣì, garawa, àti ara mi gba ihò èédú jáde.

Nígbà tí Pym àti àwọn èèyàn rẹ̀ máa fi dé ẹnu ọ̀nà, mo ti dúró síbẹ̀ bí ọkọ ìyàwó, èédú nínú etí ọ̀tún mi nìkan ló kù.

Alága wọn, Ìyáàfin Honoria Clutterbuck, tóbi bí ilé ìtura. Aṣọ ara rẹ̀, láti ọrùn dé ilẹ̀, Ọ̀kẹ́rẹ́ Inú Àjàrà ni. A wọ yàrá, ó rìn sún mọ́ ògiri, ó sì pòórá.

"Alága dà?" Pym wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mo wà níbí," ni ògiri dáhùn.

Ojú àti ọwọ́ méjì nìkan la rí, tí wọ́n ń rìn lọ láàárín ewé. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná ló dúró, tí a sì tún rí gbogbo ara rẹ̀ kedere. Ohun tó jẹ́ ká rí i ni pé àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ara aṣọ rẹ̀ gbórí sókè, àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ara ògiri ibẹ̀ sì dorí kodò, ìrù wọn nà sókè bí ti ẹni tí wọ́n fi ẹsẹ̀ so rọ̀.

Yéè! Orí kodò ni mo lẹ bébà náà.

Pym bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un dé.

"Ọ̀gbẹ́ni Tuttle," ló wí, "kí ló dé tí àwọn yìí fi..."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i?" ni mo yára wí. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. "Àṣírí bàbá nìyẹn. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Ó ní, 'Jabez, ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gòkè, èso ló ń wá. Èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ti rí i.' Ó ní kí n lẹ ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ibi tí ọmọ ènìyàn máa ń jókòó sí bí iṣẹ́ òòjọ́ bá parí."

Omi bọ́ lójú Pym. Ó ń kọ ọ́ sára ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ìyáàfin Clutterbuck gbá àyà mú.

"Ó ti rí i!" ló pariwo. "Pym, gbogbo ọdún tí a ti ń wo ọ̀kẹ́rẹ́ yìí, a ò mọ̀ pé ó padà sọ̀ kalẹ̀! Bí mo bá dé London, ògiri kan á dorí kodò nílé mi. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ yí tiwọn. Ta ló tún ń wá orúkọ sí? Ṣé ohun mímọ́ báyìí la fẹ́ máa fi ọ̀bẹ họ? Ẹ fún ọkùnrin yìí ní kọ́kọ́rọ́!"

Pym fà á yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo, ó tutù. Mo rí ara mi lọ́jọ́ iwájú, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yìí, mo ń parọ́ fún àlejò títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ìgbà náà ni mo gbóòórùn.

Ó kọ́kọ́ rọra wá bí àlá. Lẹ́yìn náà ló kún yàrá. Iná náà ti ń jó látàárọ̀, ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì gbóná bí ìdí ìkòkò. Imú Pym ń yí.

"Kí ló ń ta sánsán báyìí?"

"Aró àtijọ́ ni," ni mo wí. "Bí ojú ọjọ́ bá yí padà, ó máa ń rántí."

Ṣùgbọ́n ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó kọ́kọ́ wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, ó wá wú bí ikùn fíkà. Àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ di abòyún ojú ẹsẹ̀. Èso àjàrà di ẹ̀gúsí bàrà, bàrà di àgbá. Bébà ń ké fín-ín, fín-ín.

"Ó ń mí!" Ìyáàfin Clutterbuck figbe ta. "Iṣẹ́ Orme ń mí!" Kí n tó lè sọ pé ó tì o, ó ti gbé etí lé e láti gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Ó fara tì í pẹ̀lú gbogbo ìwúwo rẹ̀, púdìn sì gbà á mọ́ra.

Ẹnu ọ̀nà ṣí gbàgà. Dorcas ni. Abọ́ òfìfo wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ṣíbí onígi gígùn wà ní ọ̀tún.

"Èwo nínú yín ló ń dín púdìn mi?" ló bèèrè.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," Pym wí, "iṣẹ́ ọnà la ń wò níbí."

"Iṣẹ́ ọnà wo? Ẹran mi wà nílé ní ìhòòhò, mo délé, mo ṣí aṣọ, abọ́ ń wò mí. Mo jáde síta, afẹ́fẹ́ gbé òórùn púdìn mi wá bá mi láti òpópónà kejì. Ṣé n ò ní mọ ọmọ tí mo bí ni?" Ó kọjá níwájú wa, ó ti ìka bọ ibi tí bébà ti la, ó lá a. Ó pa ojú dé. "Ẹyin adìẹ mi abilà nìyí. Ó kù díẹ̀ kó jinná."

"Ẹ fà mí," ni Ìyáàfin Clutterbuck wí láti ara ògiri. "Etí mi ti lẹ̀ mọ́ nǹkan."

Pym fà á. Kò mì. Pym fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú agbára tí n ò mọ̀ pé ó wà lára igi ìṣáná. Ohun kan dún fàààà! Alága já kúrò tòun ti odidi bébà náà, ọ̀kẹ́rẹ́ rọ̀ mọ́ ọn ní orí, léjìká àti lẹ́yìn, púdìn gbígbóná ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó. Lára ògiri, orúkọ mi hàn gàdàgbà.

Pym sún mọ́ ọn. Ó kà á pẹ̀lú ohùn òkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fi àtàńpàkò nu lẹ́tà àkọ́kọ́, lẹ́tà náà bá àtàńpàkò lọ. Ó yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Tuttle. Orme ti kú, ó ti rà. Báwo ni ẹyin rẹ̀ ṣe ṣì jẹ́ tuntun?"

"Ọ̀gá," ni mo wí, mo ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, "iṣẹ́ bàbá yẹn kì í gbó ni."

"Jabez!" Dorcas gbé ṣíbí sókè. "Ìwọ lo fi oúnjẹ Àìkú mi kun ògiri?"

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo bó ṣe wú! Gbogbo London ti rí i pé tiyín ló ń wú jù!"

"Dúró níbẹ̀ kí ìwọ náà wú!"

Mo ju kọ́kọ́rọ́ sí Pym láyà, mo gba ojú fèrèsé fò. Dorcas gba ẹnu ọ̀nà. Mo gbọ́ ṣíbí rẹ̀ tó ń ké fìì lẹ́yìn etí mi. Pym ń pariwo pé kí wọ́n pe ọlọ́pàá, Ìyáàfin Clutterbuck ń pariwo pé kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò lójú òun. Àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì yà sọ́tùn-ún yà sósì, Ìyá Plumtree sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú pópó nítorí ẹ̀rín.

"Ẹ bá mi mú un!" ni Dorcas ń ké. "Ẹ mú un, ó di Grimsby lónìí!"

Ta ni yóó mú mi? Eré tí mo sá lọ́jọ́ náà, òjìji mi sùn sí ojú ọ̀nà, ó ní kí n máa lọ, òun ń bọ̀. Mo fo ọgbà fíkà, mo fo màlúù fíkà, mo fo fíkà fúnra rẹ̀. Nígbà tí Dorcas fi máa dé orí afárá, mo ti wà ní òdìkejì òkè, mo sì ṣì ń sáré.